Owó sukúù kọ́ ló dùn mí nínú dìgírì tíṣà, conversion (yíyí ìpele owó oṣù ẹni lẹ́yìn dìgírì) ni

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ. O ní NCE, ìwé ẹ̀rí tíṣà tó wà lábẹ́ dìgírì, lo fi wọ iṣẹ́ prámárì ìjọba, o ti lo ọdún mẹ́fà, ọmọ ọdún 33 ni ẹ́, o wá ń béèrè bóyá kó o lọ ṣe dìgírì sandwich (èyí tí wọ́n ń fi ọlidé kà), àti pé tó o bá náwó sí i, ìgbà wo ló máa padà wọlé. Á wọlé o. Kì í kàn ń ṣe ìgbà tó o rò ni.

Level 7, ìpele owó oṣù ẹni tó ní NCE, lèmi náà wà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2017. Fọ́ọ̀mù, transcript, gbogbo ìyẹn ò le, wàá rí ẹni táá ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ. Contact (ìgbà tá a máa ń wà ní sukúù) mẹ́rin ni tiwa, ọlidé gígùn la fi ń lọ. Nígbà tí mo ro owó sukúù, hósítẹ̀lì, ọkọ̀, handout tí lẹ́kítọ́rà á ní kò pọn dandan ṣùgbọ́n tó máa kọ orúkọ ẹni tó rà á sílẹ̀, àti project tí mo tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ẹ̀ tó 520,000 náírà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín level 7 àti level 8 tó jẹ́ ti dìgírì lórí slip owó oṣù mi nígbà yẹn ò ju nǹkan bíi 9,000 lóṣù lọ. Pín in wò. Oṣù 58, ó kù díẹ̀ kó pé ọdún márùn-ún, ìyẹn tí wọ́n bá yí level mi lọ́jọ́ tí mo gba èsì. Ta ló yí i!

Ọdún 2020, corona dé, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, náà daṣẹ́ sílẹ̀ láti March títí di December, ni contact wa tó kẹ́yìn bá sún sí 2021. A ṣe tán, a ń retí èsì, ASUU tún daṣẹ́ sílẹ̀ ní February 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni mo tó rí èsì mi. Mo dúpẹ́, mo se ìrẹsì fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo rò pé ó ti parí.

March 2023 ni mo kó fọ́tòkópì lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe conversion. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ yẹ ìwé mi wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Màdámú, ta ló rán yín lọ kàwé?" Mo rò pé àwàdà ni. Àṣé lẹ́tà àṣẹ ló ń béèrè, pé kí n tó wọ sukúù ló yẹ kí n ti gba ìyọ̀ǹda. Mo ní sà, ọlidé mi ni mo fi kàwé, mi ò pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan. Ó ní òfin ni òfin. Ọdún mẹ́rin tí hẹ́dìmásítà mi fi ń rí mi tí mò ń gbé báàgì lọ, kò sẹ́ni tó sọ pé lẹ́tà kan wà.

Wọ́n ní kí n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, mo kọ ọ́. Wọ́n ní kí hẹ́dìmásítà fọwọ́ sí i, ó fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ méjì, mo dé, ẹni tó ni tébù ti lọ lífù. Ní May ọdún yẹn ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo, ọkọ̀ tí mò ń wọ̀ ní 800 di 2,000, àlọ nìkan nìyẹn o, mo sì lọ tó ìgbà mọ́kànlá kí ọdún tó parí. Nígbà tó yá wọ́n ní àwọn ò rí fáìlì mi. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, mò ń wo wíńdò wọn tí gíláàsì ẹ̀ kan ti fọ́, mo rí fáìlì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi dí i kí òjò má baà wọlé. Pásípọ́ọ̀tù mi ló wà lára ẹ̀! Omi ti fọ bírò tí wọ́n fi kọ orúkọ mi nù, ṣùgbọ́n mo mọ gèlè mi. Ọmọbìnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ní, "Ẹ̀hẹ́n, mọ́mì, òun náà nìyẹn." Kò tiẹ̀ tijú.

September 2025 ni level 8 tó wọlé. Wọn ò san àríà kankan, wọ́n ní ọjọ́ tí lẹ́tà jáde ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Oṣù ọgbọ̀n látìgbà tí mo ti kó ìwé lọ. Ká tiẹ̀ ní 9,000 yẹn náà ló ṣì jẹ́, 270,000 nìyẹn, ju ìdajì gbogbo owó tí mo ná lọ.

Nítorí náà lẹ́tà àṣẹ yẹn ni kó o kọ́kọ́ gbà, kó o tó ra fọ́ọ̀mù. Èyí tó o bá fi sílẹ̀ níbikíbi, jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí kópì tìẹ. Má yá owó kọpuretíìfù ṣe é o, èlé ẹ̀ á ti jẹ àfikún yẹn tán kó tó dé.

Kó o sì ṣọ́ra fún àwọn tó ń pe ilé ìtàjà méjì ní yunifásítì. Wo orúkọ kọ́ọ̀sì náà lọ́dọ̀ NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, fúnra rẹ, má gba ẹnu ẹni tó ń ta fọ́ọ̀mù gbọ́. Ẹnì kan ní sukúù wa sanwó ọdún méjì síbi tí wọ́n padà tì pa, títí dòní ó ṣì ń pe nọ́ńbà kan tí kò lọ.

Tó bá jẹ́ pé ìlú òyìnbó lò ń fojú sí, NCE nìkan ò lè gbé ẹ débẹ̀. QTS, ìwé àṣẹ tíṣà ti England, tí wọ́n ṣí fún àwa Nàìjíríà ní 2023, dìgírì ni wọ́n ń bèèrè pẹ̀lú ẹ̀rí pé o kọ́ iṣẹ́ tíṣà, àti pé olùkọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè fún àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16 ni wọ́n fi í sí. Gbogbo yín tí ẹ kàn ń mú Primary Education torí pé kò le, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Mo ti fẹ́ gbàgbé ohun tó o béèrè. Ọmọ ọdún 33 lo pe ara rẹ. Òfin 2022 sún ìfẹ̀yìntì tíṣà sí ọdún 65 tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́, tí ìpínlẹ̀ rẹ bá ti gbà á, o ṣì ní ọgbọ̀n ọdún ó lé lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ lo máa fi gba àfikún yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o lọ. Ká ní ọmọ ọdún 55 ni ẹ́, màá ní kó o fi owó yẹn ra ilẹ̀. Iye tí wọ́n ń gbà báyìí, bi àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́dún yìí, tèmi ti di owó àtijọ́. Lẹ́tà yẹn o, jẹ́ kí hẹ́dìmásítà rẹ sáìn-ín kí wọ́n tó gba ọlidé, torí tí July bá ti parí, o ò ní bá ẹnì kankan lọ́fíìsì.