Ẹgbẹ́ tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni: báwo ni ó ṣe lè dáàbò bo ìbò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa bí ogójì ni a fẹ́ kó ara wa jọ láti máa ṣàkíyèsí ìdìbò láìṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Èrò wa ni pé kí olúkúlùkù lọ sí ibùdó ìdìbò tó súnmọ́ ilé rẹ̀, kí ó ya àwòrán ìwé àbájáde, kí a wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí a sì kéde ẹni tó borí kí ẹnikẹ́ni tó rí àyè yí i padà. Ǹjẹ́ ọ̀nà tó dára nìyí? Kí ni a sì lè ṣe tí àwọn ènìyàn yóò fi gbà wá gbọ́?

Ìdáhùn: Inú mi dùn sí ìpinnu yín. Ẹ ya àwòrán náà, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má kéde ẹni tó borí. Ibùdó ogójì tó wà nítòsí ilé yín kò lè sọ ju ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ibùdó ogójì náà lọ, nítorí pé àwọn tó ń gbé àdúgbò kan náà sábà máa ń dìbò bákan náà, àti nítorí pé ibi tí ọ̀nà ti dára tí ó sì rọrùn fún yín láti dé kì í ṣe ibi tí màgòmágó ti sábà máa ń wáyé.

Ọ̀nà kan wà tí a fi lè mọ ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè láti inú ìwọ̀nba ibùdó, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń lò ó. Ẹni tó fẹ́ ra àpò ọkà kì í wo ojú àpò nìkan. Ó máa ń ki irin bọ inú rẹ̀ lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe máa ń ṣẹ́ kèké lórí àkójọ gbogbo ibùdó ìdìbò, ẹkùn kan sí òmíràn, tí kọ̀ǹpútà yóò fi yan àwọn tí a óò ṣọ́ láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan sí ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ibùdó sábà máa ń tó fún odindi orílẹ̀-èdè. Olùṣàkíyèsí yóò wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá ṣí ibùdó títí wọn yóò fi ka ìbò tán, yóò sì fi iye tí wọ́n kà ránṣẹ́ lórí fóònù sí ibi kan tí a ti ń ṣírò rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Chile, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 1988, nígbà tí wọ́n bi àwọn ará ìlú bóyá kí Augusto Pinochet ṣì máa ṣe ìjọba lọ, irú ìṣirò báyìí wà lọ́wọ́ àwọn aráàlú ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kò sì rọrùn mọ́ láti fi èsì mìíràn rọ́pò èyí tí wọ́n ti mọ̀. Nǹkan bí ìdá mẹ́rìndínlọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé rárá.

Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù lọ kéré lójú. Mo ti rí olùṣàkíyèsí kan, ọmọlúwàbí ènìyàn, tó fi ibùdó tí kèké mú fún un sílẹ̀ nítorí pé odò kún, tó sì lọ sí èyí tó wà létí títì. Ó rò pé òun ń ran wá lọ́wọ́ ni, ṣùgbọ́n a ní láti yọ iye tó mú wá kúrò, nítorí pé kì í ṣe kèké ló yàn án mọ́. Bí ibùdó kan kò bá ṣeé dé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ṣeé dé. Ìyẹn pàápàá jẹ́ ìròyìn nípa ìdìbò náà.

Ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn tí ẹ béèrè nípa rẹ̀ kì í ti inú àbájáde wá. Inú ohun tí ẹ ti kọ sílẹ̀ ṣáájú ìdìbò ló ti ń wá. Kí ẹ tó mọ ẹni tó borí, ẹ ti gbọ́dọ̀ kéde iye ibùdó tí ẹ óò ṣọ́, bí ẹ ṣe yàn wọ́n, ohun tí ẹ óò béèrè níbẹ̀, àti ìgbà tí ẹ óò dákẹ́. Ọ̀rọ̀ dídákẹ́ yìí ṣe pàtàkì. Gbogbo ìṣirò tí a fi kèké ṣe ló ní àlàfo àṣìṣe tirẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tí ó fi lè yà díẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ iye gidi, bí ìyàtọ̀ àárín àwọn olùdíje bá sì kéré ju àlàfo náà lọ, kò sí olóòótọ́ tó lè dárúkọ ẹni tó borí. Ní Ghana, nínú ìdìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì ti ọdún 2008, John Atta Mills ní 50.23, Nana Akufo-Addo sì ní 49.77 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹgbẹ́ tí kò bá ti ṣe àdéhùn ṣáájú pé òun yóò dákẹ́ nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé ohùn àwọn tó ń rọ̀ ọ́ láti sọ̀rọ̀ pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Yàtọ̀ sí èyí, òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló fi ìkéde sílẹ̀ fún àjọ elétò ìdìbò nìkan. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi máa ń dúró kí àjọ náà sọ̀rọ̀ tán, kí wọ́n tó sọ bóyá iye tó kéde bá tiwọn mu tàbí kò bá a mu.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé iye ìbò nìkan ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ní Kenya, ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ìṣirò ẹgbẹ́ olùṣàkíyèsí tí wọ́n ń pè ní ELOG bá iye tí àjọ elétò ìdìbò kéde mu, síbẹ̀ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọ́gi lé ìdìbò náà ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án, nítorí pé wọn kò fi àbájáde ránṣẹ́ ní ọ̀nà tí òfin là kalẹ̀. Ìṣirò wa máa ń sọ bóyá wọ́n ro ìbò tó wọ àpótí pọ̀ dáadáa. Kò lè sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí wọ́n lé kúrò lórí ìlà tàbí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé.

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà fún ènìyàn ogójì. Ẹ lè yẹ ìwé orúkọ olùdìbò wò ní oṣù mélòó kan ṣáájú: ẹ fi kèké mú orúkọ láti inú ìwé, kí ẹ wá ẹni náà lọ láti mọ̀ bóyá ó wà láàyè tí ó sì ń gbé ibẹ̀, lẹ́yìn náà, ẹ fi kèké mú àwọn ará àdúgbò, kí ẹ wò bóyá orúkọ wọn wà nínú ìwé. Ti àkọ́kọ́ máa ń fi orúkọ òkú àti ti ẹni tó ti kó lọ hàn, ti èkejì sì máa ń fi àwọn tí wọ́n gbàgbé hàn. Àwòrán yín náà kò ní ṣòfò. Ní Malawi, nígbà tí ilé ẹjọ́ fagi lé ìdìbò ààrẹ ti ọdún 2019 ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 2020, ara ohun tó rí ni àwọn ìwé àbájáde tí wọ́n fi ọ̀dà funfun pa iye orí wọn rẹ́. Àwòrán tí ẹ yà ní ibùdó, pẹ̀lú àkókò tí ẹ yà á, ni a lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tó dé orí tábìlì àjọ elétò ìdìbò.

Ní ti àìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, àwọn ẹgbẹ́ olùṣàkíyèsí láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti gbé ìlànà kan jáde ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2012, mo sì rọ̀ yín láti kà á. Ọmọ ẹgbẹ́ yín lè dìbò; kò gbọdọ̀ polongo fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ ẹni tó ń fún yín lówó fún gbogbo ayé. Bí aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú kan bá fẹjọ́ sùn yín, ẹ wá aṣojú èkejì lọ kí ẹ tó kọ ohunkóhun, nítorí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ elétò ìdìbò, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹgbẹ́ ńlá kan wà tó ti ń ṣe ìṣirò káàkiri orílẹ̀-èdè, kí ó lè fún yín ní lára àwọn ibùdó tí kèké mú. Nígbà tí ẹ bá kọ ìlànà yín tán, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ní ọjọ́ kan náà.