Kí Ló Dé Tí Bàbá Mi Jọ Àgbà Ní Ọmọ Ọdún 17, Tí Ọmọ Mi Sì Jọ Ọmọdé?

ÌBÉÈRÈ

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 17 lóṣù tó kọjá, ó sì wà ní SS3 níbí ní Àkúrẹ́. Nígbà tí a ń palẹ̀ ilé bàbá mi mọ́ ní Oǹdó, mo rí fọ́tò wọn kan. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé 1964, ọmọ ọdún 17. Dókítà, odindi ọkùnrin ni mo rí! Wọ́n wọ kóòtù, wọ́n so táì, ojú wọn le. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà. Ìyá wọn tó bí wọn a máa sọ pé inú ogun Hítílà ni àwọn bí wọn, pé ọmọ ogun kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ wá wo ọmọ tèmi: irùngbọ̀n kò sí, èjìká kò sí, ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di ti ọkùnrin lọ́dún tó kọjá ni, mo sì gbọ́dọ̀ pariwo kó tó wẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà kò yàtọ̀. Ẹnì kan tí a jọ ń tajà l'Ọ́jà Ọba ní kí n máa fún un ní dexamethasone pẹ̀lú oògùn tó ń jẹ́ kí ebi máa pa èèyàn, pé kó tó oṣù kan á ti kún dáadáa. Mo ti rà á, mi ò tíì fún un. Ṣé nǹkan ń ṣe ọmọ mi ni, àbí oúnjẹ ayé ìsinsìnyí?

Ìyá Dàmọ́lá, Òkè-Àró, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Ìyá Dàmọ́lá. Ẹ má fún un ní oògùn yẹn. Màá sọ ìdí rẹ̀ níwájú, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gba èyí lẹ́nu mi.

Nínú ohun tí ẹ kọ, kò jọ pé nǹkan kan ń ṣe Dàmọ́lá. Ohùn tó ki lọ́dún tó kọjá yẹn ni mo rí dì mú. Ohùn kì í ki ní ìbẹ̀rẹ̀ ìbàlágà. Ara á ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lábẹ́lẹ̀ kó tó kan ọ̀fun. Irùngbọ̀n ló sábà máa ń kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló lé ní ogún ọdún kí tiwọn tó kún, àjogúnbá sì wà níbẹ̀ púpọ̀. Ẹ bi bàbá Dàmọ́lá àti àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin léèrè ìgbà tí tiwọn hù.

Fọ́tò yẹn ló kó ìdààmú bá yín, nítorí náà ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ ní ìyá bàbá yín sọ pé inú ogun Hítílà ni àwọn bí wọn. Ogun yẹn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, ó sì parí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1945. Ẹni tí wọ́n bí sáàárín rẹ̀, tó bá fi máa di 1964, kò lè kéré sí ọmọ ọdún 18, ó sì lè tó 25. N ò sọ pé bàbá purọ́ o. Láyé ìgbà náà, ìṣẹ̀lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń sàmì sí ọjọ́ ìbí: ọdún àrùn lùkúlùkú, ìgbà ogun, ọdún tí Déjì Afúnbíowó wàjà ní Àkúrẹ́, ìyẹn 1957. Tí ọmọ bá fẹ́ wọ ilé ìwé, wọ́n á ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kó fi kan etí òsì. Tó bá ti kàn án, wọ́n á gbà á. Ọmọ kan lè kàn án ní ọdún mẹ́fà. Ọmọ mìíràn tí ibà àti aràn ti mú ara rẹ̀ falẹ̀ lè tó mẹ́jọ kí ọwọ́ rẹ̀ tó débẹ̀. Tíṣà á wá fojú díwọ̀n, á kọ ọdún kan sínú rẹ́jísítà. Nígbà tó bá tún wá kan wíwá iṣẹ́ tàbí sìkọ́láṣíìpù tó ní gbèdéke ọjọ́ orí, àwọn kan á yọ ọdún díẹ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n kọ tẹ́lẹ̀. Bàbá tó ní ọjọ́ orí méjì pọ̀ ní Oǹdó àti Àkúrẹ́, ọ̀kan lọ́wọ́ ìjọba, ọ̀kan lẹ́nu ìyá wọn. Ti ẹnu ìyá ni èmi máa ń gbà gbọ́ jù.

Ẹ fi ètò ilé ìwé ìgbà náà kún un. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù Kìíní ọdún 1955, lábẹ́ ìjọba Olóyè Awólọ́wọ̀. Kò ṣàjèjì rárá kí ọmọ tó ti ń ṣa kòkó fún bàbá rẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan jókòó ti ọmọ ọdún mẹ́fà ní kíláàsì kan náà. Lẹ́yìn Pírámárì, àwọn mìíràn ṣe Modern School ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó kọjá sí sẹ́kọ́ńdírì tàbí ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà. Nítorí náà, ẹni tó wà ní Form Five ní Ondo Boys' High School tàbí Oyèmẹ́kun nígbà náà lè ti lé ní ogún ọdún dáadáa, kó ti máa fá irùngbọ̀n. Ọmọ SS3 ìsinsìnyí sábà máa ń wà láàárín ọdún 15 sí 17. Kódà ọ̀rọ̀ àwọn tó kéré jù ló fà á tí wọ́n fi sọ pé ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 16 kò ní wọ yunifásítì. Ẹ rí i pé kíláàsì la fi ń wé kíláàsì, a sì rò pé ọjọ́ orí la fi ń wé ọjọ́ orí.

Fọ́tò fúnra rẹ̀ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Ní 1964, èèyàn kì í ya fọ́tò torí pé ó jẹ búrẹ́dì láàárọ̀. Owó ni, ètò sì ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ tíṣà á lọ sí sítúdíò, ayàwòrán á sì sọ fún un pé kó jókòó dáadáa, kó má mira, kó má rẹ́rìn-ín. Kóòtù tí ẹ rí yẹn lè má jẹ́ tiwọn pàápàá: ọ̀pọ̀ sítúdíò ló ní kóòtù, táì àti aago ọwọ́ tí wọ́n fi ń yá oníbàárà. Iná tó ń tàn látòkè máa ń ju òjìji sábẹ́ ojú àti sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwọn fíìmù àtijọ́ kan kì í sì rí àwọ̀ pupa dáadáa, nítorí náà ètè àti gbogbo àpá kéékèèké ojú máa ń dúdú ju bó ṣe yẹ lọ. Fóònù Dàmọ́lá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ fóònù ìsinsìnyí á ti dán ojú kó tó fi àwòrán hàn yín. Ẹ wọ Dàmọ́lá ní kóòtù bàbá rẹ̀, ẹ jókòó rẹ̀ sídìí fèrèsé, ẹ ní kó pa ẹnu dé, ẹ sọ àwòrán náà di dúdú àti funfun, kí ẹ wá fi han ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Èsì tí ẹ máa gbọ́ á yà yín lẹ́nu.

Ojú àwa tí à ń wò náà kì í ṣe ojú òfo. Irun tí wọ́n là lápá kan, kóòtù onígun gbígbòòrò yẹn, irú rẹ̀ la rí lára àwọn bàbá wa títí wọ́n fi darúgbó. Wọn kò pa á tì nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n gbé e dání dé ọgọ́rin ọdún. Bí a bá wá rí i lára ọ̀dọ́mọkùnrin, ọkàn wa á ti ka ọgọ́rin ọdún kún un. Ilà ojú ńkọ́? Bí bàbá yín bá kọ ilà Oǹdó, ìlà gbọọrọ kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ ọwọ́ ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n kọ ọ́, ṣùgbọ́n lójú tiwa lónìí àmì àgbàlagbà ni, torí pé ara àwọn àgbà nìkan ló kù sí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 tilẹ̀ ti ka irú ilà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ lára ọmọdé. Orúkọ pàápàá ń ṣe é. Ẹ pe Ezekiel tàbí Dorcas, kí ẹ wò ó bóyá ọmọ ọdún 17 lẹ máa rí lọ́kàn yín.

Ní ti ara gan-an, ọ̀rọ̀ náà yí padà sí òdìkejì ohun tí ẹ rò. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló ń tètè bàlágà. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti ní àkọsílẹ̀ tó pẹ́, àwọn ọmọbìnrin ìgbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń lọ sábà máa ń tó ọdún 15 sí 17 kí wọ́n tó rí nǹkan oṣù. Lónìí, ọdún 12 sí 13 ni. Oúnjẹ tó sunwọ̀n àti àìsàn tó dín kù lọ́mọdé ló ṣe é jù. Nítorí náà, ẹ yé bínú sí oúnjẹ. Tí bàbá yín bá rù, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wọnú, ó lè jẹ́ pé ibà àti iṣẹ́ oko ló jẹ ọ̀rá ojú wọn, ojú tí kò bá sì lọ́ràá máa ń jọ ojú àgbà. Àwọn kan á ní oòrùn oko ni. Èmi kò gbà: ní awọ dúdú, ní ọmọ ọdún 17, oòrùn kò tíì lè hun ojú jọ.

Ó wá ku ìwà, èyí tí mo rò pé ó dùn yín ju irùngbọ̀n lọ. Apá iwájú ọpọlọ, tí à ń fi kó ara ẹni níjàánu, ṣì máa ń dàgbà lẹ́yìn ogún ọdún. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún bàbá yín náà. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹrù tí wọ́n gbé lé wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọ kíláàsì, ogójì ọmọ á dìde kí wọn, àwọn kan nínú wọn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ wọn. Tí wọn kò bá fajú ro, ta ló máa bẹ̀rù wọn? Wọ́n á gba owó oṣù, wọ́n á fi san owó ilé ìwé àbúrò, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ìyá. Dàmọ́lá ní tiẹ̀, láti SS1 la ti ń sọ fún un pé kó fi abọ́ sílẹ̀, ìwé rẹ̀ ni kó gbájú mọ́; ó kúrò nílé ìwé, ó bọ́ sí lẹ́sìn, ó dé, JAMB. Àwa la là á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kó yí padà, ẹ fún un ní ohun tí á bàjẹ́ tí kò bá ṣe é: ẹ gbé owó ọjà ọ̀sẹ̀ kan lé e lọ́wọ́ kó lọ rà á kó wá ṣírò rẹ̀ fún yín, ẹ fi owó iná mànàmáná sí ìkáwọ́ rẹ̀, tó bá sì gbàgbé, ẹ jọ jókòó sínú òkùnkùn. Ẹ má sáré san án.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká fi oyin pa ayé àtijọ́. Àwọn ọmọbìnrin ọdún 15, 16 wà tí wọ́n ti gbé fún ọkọ, tí wọ́n sì ń rọbí nígbà tí egungun ìbàdí wọn kò tíì gbòòrò tán. Ìrọbí àwọn mìíràn á pẹ́ títí, ọmọ á kú, ìyá á yè é pẹ̀lú ìtọ̀ tó ń dà lára rẹ̀ láìdúró. Wọ́n jọ àgbà nínú fọ́tò, lóòótọ́. Inú mi dùn pé àwọn ọmọ wa kò jọ wọ́n.

Ó yá, oògùn. Dexamethasone kì í mú ọmọ dàgbà. Omi àti ọ̀rá ló ń kó sí ojú àti ikùn, òun ló fi jọ pé ọmọ ti sanra. Tó bá pẹ́ lára ọmọ, ó máa ń dá gíga dúró, ó máa ń mú kí egungun di ẹlẹgẹ́, ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà dìde, ó sì máa ń dín agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà kù. Ẹni tó ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì, nítorí ara á ti gbàgbé bó ṣe ń pèsè irú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kó lọ bá dókítà kí wọ́n bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Èkejì tí ẹ rà yẹn sábà máa ń mú ọmọ tòògbé, ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC kò sì nílò ìyẹn. Ẹnì kan tún lè sọ fún yín nípa abẹ́rẹ́ họ́mónù ọkùnrin. Ẹ sá fún un. Ó lè hu irùngbọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń dí ibi tí egungun ti ń gùn bí ìgbà tí wọ́n fi símẹ́ńtì dí ojú ihò, ọmọ tí ì bá ṣì ga sí i á dúró síbẹ̀. Ẹ kó oògùn méjèèjì padà lọ fún ẹlẹ́gbòogi òyìnbó tó ń bójú tó ilé oògùn. Ẹ má fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ìgbà wo ló wá yẹ kí òbí gbé ọmọ wá? Ọmọkùnrin tó pé ọdún 14 tí kórópọ̀n rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí tóbi, ọmọbìnrin tó pé 13 tí kò tíì yọ ọmú, tàbí tó pé 15 tí kò tíì rí nǹkan oṣù. Ọmọ tó ti bẹ̀rẹ̀ tó wá dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ga fi sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ọmọ tí kì í gbọ́ òórùn kankan látìgbà tí wọ́n ti bí i: ohun tí kò jẹ́ kí imú rẹ̀ gbọ́ òórùn lè jẹ́ ohun kan náà tó dá ìbàlágà rẹ̀ dúró. Àwọn ọmọ tó ní àrùn SS sábà máa ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó bàlágà, nítorí náà tí ẹ kò bá mọ jínótáìpù Dàmọ́lá, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Tí ọkàn yín kò bá ṣì balẹ̀, ẹ mú un lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé ní ilé ìwòsàn UNIMED, ó wà ní Àkúrẹ́, ó wà ní Oǹdó. Kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kó fẹ̀yìn ti ògiri láìwọ bàtà, ẹ fi báírò sàmì sí ibi tí orí rẹ̀ dé, ẹ kọ déètì sí i, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Àmì méjì lára ògiri wúlò fún wa ju àlàyé gígùn lọ. Tí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ jẹ́ kí Dàmọ́lá nìkan kọ́kọ́ wọlé. Ọmọkùnrin ọdún 17 kì í sọ ohun tó ń dà á láàmú lábẹ́ aṣọ níwájú ìyá rẹ̀.