Ẹ Bi Wá: Ṣé Ellery Hanley ṣe kóòṣì dáadáa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi ní kò sí agbábọ́ọ̀lù tó dà bí Ellery Hanley nínú rugby league, irú rugby kan tí wọ́n ń fọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù sáré, ṣé ó mọ kóòṣì ṣe náà? – Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ọkọ yín ò parọ́ o, Ìyá Ìbejì. Ọmọ Leeds ni, kó tó lọ kíláàbù Wigan ní 1985 ó ti gba tiráì (ìyẹn kéèyàn gbé bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lẹ́yìn ìlà àwọn alátakò) 55 ní sísìn kan ṣoṣo fún kíláàbù Bradford Northern, ẹ gbà mí! Ní 1994 ó di kóòṣì Great Britain, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nípò yẹn, wọ́n na Australia 8-4 ní Wembley àmọ́ nínú eré mẹ́ta tí wọ́n jọ gbá, Australia ló padà borí. Ní 1999 ó jẹ́ kóòṣì kíláàbù St Helens, wọ́n sì gba ife Super League, líìgì rugby league tó ga jù ní England, 8-6 ni wọ́n fi na Bradford, síbẹ̀ wọ́n lé e ní 2000 torí òun àtàwọn ọ̀gá kíláàbù ò gbọ́ra wọn yé. Lójú tèmi, wọ́n kánjú.