Omi píọ̀ wọ́tà kan ló wà nínú dírípù tí ẹ ń sanwó fún

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ o, Dókítà. Ẹni ọdún 41 ni mí, ọmọ méjì ni mo bí. Ìkòròdú là ń gbé, Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ń jí, n kì í sì í wọlé kó tó di aago mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́. Kí n tó tọ́jú ọkọ àtọmọ, kí n tó fẹ̀yìn lélẹ̀, aago mọ́kànlá àbọ̀ ti lù. Ìṣọ́ òru ń bẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ẹtì tó bá gbẹ̀yìn oṣù, òde àríyá náà ò wọ́n ní Sátidé. Bó bá ti rẹ̀ mí jù, nọ́ọ̀sì àdúgbò wa á fa omi sí mi lára, ìgò méjì, á po oògùn yẹ́lò mọ́ ọn, ara mi á sì balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni tẹ́lẹ̀, ó ti di ẹ̀ẹ̀mejì. Dírípù wo ló dára jù fún wàhálà? Báwo ni mo ṣe lè pa iṣẹ́, ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti eré ìdárayá pọ̀ kí ara má kọ̀? Ibi tí wọ́n gún mi sí kẹ́yìn ṣì ń dùn mí díẹ̀.

ÌDÁHÙN: Kò sí dírípù fún wàhálà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù, àwọn tó ń gbé ìgò omi kiri ojúlé náà sì ti pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká tú ìgò náà wò. Èyí tí wọ́n sábà máa ń fà síni lára ni dextrose saline. Omi, ṣúgà àti iyọ̀ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mìlílítà 500 ni ìgò kan. Ẹ mú píọ̀ wọ́tà kan, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀: 50cl. Iye kan náà ni. Ṣúgà inú ìgò yẹn jẹ́ gíráàmù 25, bíi ṣíbí ìmutíì mẹ́fà. Iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 4.5, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5. Ìgò méjì tí ẹ ń gbà, gíráàmù 9 nìyẹn, ẹ ò tíì fẹnu kan ọbẹ̀ o. Oògùn yẹ́lò tí wọ́n ń pò mọ́ ọn sábà máa ń jẹ́ fítámínì B. Bí ẹ bá tọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìtọ̀ yín á pọ́n bí ọ̀dà ara dáńfó. Èyí tí ara kò lò ló ń dà sílẹ̀ yẹn, owó yín sì ń bá a lọ.

Kí ló wá dé tí ara ń balẹ̀? Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí ẹ dùbúlẹ̀. Abẹ́rẹ́ wà lápá, ẹ ò lè fọ abọ́, ẹ ò lè ro ẹ̀bà, ẹnikẹ́ni ò sì lè rán yín níṣẹ́. Bàbá ọmọ ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má pariwo, mọ́mì ń gba omi. Láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin tí omi fi ń kán, ẹ ti sùn lọ. Oorun yẹn ni oògùn. Bí wọ́n bá so ìgò òfìfo kọ́ ògiri, tí wọ́n sì fi yín sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, ara á balẹ̀ bákan náà.

Oorun wákàtí méje, ó kéré tán, ni àgbàlagbà nílò lóru kan. Mẹ́rin àbọ̀ ni tiyín. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, 22 àbọ̀ ni ẹ sùn dípò 35. Gbèsè wákàtí 12 àbọ̀ nìyẹn, a ò tíì ka ìṣọ́ òru mọ́ ọn. Níwọ̀n ìgbà tí ojú wa bá là, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adenosine máa ń kóra jọ nínú ọpọlọ, òun ló ń mú kí ìpéǹpéjú wúwo. Oorun ló ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Káfíìnì inú kọfí, obì àti énájì dríǹkì kàn ń dí ojú ibi tí ì bá ti kan ọpọlọ ni. Tí agbára káfíìnì bá tán, gbèsè ṣì wà níbẹ̀. Ṣúgà àti iyọ̀ ò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Kí ẹ sì sùn di ọ̀sán ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ìyẹn ń san díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ oorun ò ní kun yín lálẹ́ Sọ́ńdè, aago mẹ́rin ọjọ́ Ajé ò sì ní dúró dè yín.

Mi ò ní dírípù ò wúlò o. Onígbá méjì, ẹni tó ń bì tí nǹkan kan ò dúró nínú rẹ̀, ẹni tí ibà dá gúnlẹ̀, ẹni tó ń lọ fún iṣẹ́ abẹ, gbogbo wọn lè nílò rẹ̀, nílé ìwòsàn, lábẹ́ ojú ẹni tó ń ṣírò bó ṣe ń kán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ ò lágbára, bí omi bá yára wọ̀ ọ́ lára, ó lè dà sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kó máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí kò tíì mọ̀, ṣúgà ni wọ́n ń dà sí i lára. Abẹ́rẹ́ tí kò mọ́ sì lè kó àrùn mẹ́dọ̀wú irú B ranni. Ṣé nọ́ọ̀sì yín wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín kó tó gún yín?

Ní ti pípa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ẹ má wá bí wọn á ṣe dọ́gba. Ẹ kọ́kọ́ yọ oorun sọ́tọ̀, kí iṣẹ́, ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì pín ìyókù. Ẹ pa iná ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 45, ẹ jí ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 15: wákàtí mẹ́fà àbọ̀ nìyẹn. Kò pé, àmọ́ ó fi wákàtí méjì ju tàná lọ. Wákàtí mẹ́ta tó wà láàárín ìgbà tí ẹ wọlé àti ìgbà tí ẹ sùn, ìdáná ló sábà máa ń jẹ ẹ́. Ẹ sè é sílẹ̀ ní Sọ́ńdè. Bí iná ò bá dúró ládùúgbò yín, ẹ má sè ju ti ọjọ́ méjì lọ, kó sì máa hó dáadáa láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ jẹun ní ọ́fíìsì ní aago márùn-ún kí ẹ tó jáde, dípò ẹ̀bà aago mẹ́wàá. Ẹ wẹ̀ lálẹ́. Ọkọ yín náà lọ́wọ́ méjì, ó lè lọ aṣọ iléèwé.

Ẹ sùn nínú ọkọ̀ BRT láàárọ̀, ó wà nínú ìṣirò. Ẹ lọ́ okùn báàgì mọ́ ọrùn ọwọ́, kí fóònù wà nísàlẹ̀ pátápátá. Tí ẹ bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, kó má ju ìṣẹ́jú 20 lọ, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ oorun òru á bàjẹ́. Ẹni tó bá ń wakọ̀ fúnra rẹ̀, tí kò rántí bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Third Mainland, ti ń sùn lórí ìrìn nìyẹn. Kó wá ibi tí kò léwu páàkì sí.

Omi wá ńkọ́? Nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àti àìsí ilé ìtura lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ obìnrin kì í mu omi látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ara ohun tó ń fa orí fífọ́ aago mẹ́rin ọ̀sán nìyẹn. Ẹ mu píọ̀ wọ́tà mẹ́ta láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí méjì ọ̀sán, ẹ tọ̀ kí ẹ tó kúrò ní ọ́fíìsì. Ìgò dírípù mẹ́ta nìyẹn, láìsí abẹ́rẹ́.

Eré ìdárayá ò nílò owó jíìmù. Ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ṣáájú ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ fi ìṣẹ́jú 15 yára rìn láàárọ̀, 15 nírọ̀lẹ́, ọjọ́ márùn-ún: ìṣẹ́jú 150 tí wọ́n ń béèrè lọ́sẹ̀ ti pé. Kó jẹ́ ìrìn tí ẹ lè sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ àmọ́ tí ẹ ò lè kọrin. Ní ti ìṣọ́ òru, ẹ sùn fún wákàtí kan àbọ̀ kí ẹ tó lọ. Ìṣọ́ òru àti òde àríyá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ yan ọ̀kan.

Èmi ò fojú rí yín o, nítorí náà ẹ wọn ìfúnpá yín lọ́sẹ̀ yìí ní ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ yín. Tí ẹ bá sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣì ń rẹ̀ yín, kí wọ́n yẹ PCV yín wò, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe tó sí, pàápàá tí nǹkan oṣù bá ń ya, kí wọ́n yẹ ṣúgà wò láìtíì jẹun, kí ẹ sì sọ fún wọn bí ẹ bá ń hanrun gan-an. Ẹ má dá ra oògùn ẹ̀jẹ̀ mu kí ẹ tó mọ PCV yín. Tí ó bá jẹ́ pé ìbànújẹ́ ò kúrò lọ́kàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ohun tó ń dùn mọ́ yín ò dùn mọ́, ìyẹn kọjá àárẹ̀. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá kì í ṣe ti wèrè nìkan, ẹ lọ. Bí àyà bá ń dùn yín, tàbí tí èémí ń há, ẹ má dúró de ọ̀la.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé apá yẹn. Bí iṣan ibẹ̀ bá le bí okùn tó sì ń dùn, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e fún ìṣẹ́jú 15, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ẹ má ra á, ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì gún apá náà mọ́. Bó bá pọ́n tí pípọ́n náà ń gòkè apá, tó bá ń ṣọyún, tàbí tí ara yín gbóná, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.