Ẹ kọ nọ́ńbà àwọn ẹ̀rọ ilé yín sílẹ̀ kí ẹ tó fura sí aládùúgbò

Ẹ̀gbọ́n mi ní Kétu, ẹ kú ìdààmú. Ẹ ní forfait yín, ìyẹn dátà ìńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń rà, kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì mọ́ kó tó tán, ẹ sì fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń rí àdírẹ́sì MAC fóònù àti kọ̀ǹpútà, ìyẹn nọ́ńbà tí wifi fi ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀, kí ẹ lè ti ẹni tí ẹ ò mọ̀ mọ́ ìta wifi yín. Irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí mi nílé wa ní Àjàṣẹ́ níbí, lápá Ouando, ó sì dùn mí débi pé mi ò fẹ́ kó ṣe ẹlòmíì.

Lọ́jọ́ kan, mo wọ ojú ìwé ètò módẹ́ẹ̀mù wa, ẹ̀rọ tó ń pín wifi nínú ilé, mo rí ẹ̀rọ márùn-ún lórí wifi. Mo mọ mẹ́rin. Ìkarùn-ún kò lórúkọ, nọ́ńbà lásán ni, DA ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ọkàn mi lọ tààrà sọ́dọ̀ ọmọ aládùúgbò wa tó máa ń jókòó sẹ́yìn ògiri wa pẹ̀lú fóònù lálaalẹ́. Mo lọ bá bàbá rẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó ti ẹnu mi jáde. Mo padà sílé, mo ti nọ́ńbà yẹn pa. Kò tíì pé wákàtí kan tí ọmọbìnrin mi fi jáde láti yàrá: "Màámi, fóònù mi ò mú wifi mọ́." Fóònù ọmọ mi ni mo ń pè ní olè. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo padà lọ kúnlẹ̀ fún bàbá náà.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn nìyí. Àmì 12 ló wà nínú àdírẹ́sì MAC, méjì méjì lọ́nà mẹ́fà, láti 0 dé 9 àti A dé F. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ló ń fi sí i. Ṣùgbọ́n láti ìgbà Android 10 ní 2019 àti iOS 14 ti iPhone ní 2020, ọ̀pọ̀ fóònù kì í fi nọ́ńbà àbínibí wọn han wifi mọ́. Wọ́n ń ṣe òmíràn fún wifi kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà máa tọ ipasẹ̀ olówó fóònù láti ibì kan dé ibòmíì. Ẹ wo àmì kejì láti apá òsì: bó bá jẹ́ 2, 6, A tàbí E, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ṣe fúnra rẹ̀ ni. Ká ní mo mọ̀ pé A inú DA yẹn ń sọ̀rọ̀, ǹ bá ti kọ́kọ́ wo àwọn fóònù inú ilé.

Lórí Android tó ń sọ Faransé, ẹ lọ sí Paramètres, lẹ́yìn náà À propos du téléphone. Ẹ máa rí Adresse MAC Wi-Fi níbẹ̀, tàbí lábẹ́ État. Lórí iPhone, Réglages, Général, Informations. Adresse Wi-Fi ni wọ́n ń pè é. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ ṣí cmd, ojú ìwé tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ ipconfig /all, kí ẹ wá Adresse physique. Ẹ ṣọ́ra níbí: kọ̀ǹpútà tó ní ihò okùn ìńtánẹ́ẹ̀tì máa ń ní ju àdírẹ́sì kan lọ. Èyí tó wà lábẹ́ Carte réseau sans fil Wi-Fi lẹ fẹ́.

Kí fóònù lè máa lo nọ́ńbà kan náà nílé, ẹ tẹ orúkọ wifi ilé yín nínú fóònù, kí ẹ yàn án pé kó máa lo adresse MAC de l'appareil. Lórí iPhone, Adresse Wi-Fi privée lẹ máa pa. Wifi ilé nìkan ni kí ẹ ṣe é fún o. Tí ẹ bá wà níta, ẹ jẹ́ kó máa fi ara pamọ́ bó ṣe ń ṣe.

Inú ìwé ni kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ẹ̀rọ. Kò sí lẹ́tà O nínú àdírẹ́sì yìí. Ohun roboto tí ẹ bá rí, òdo ni. B àti 8 ló ń dà mọ́ra wọn lójú. Mo kọ 8 síbi tí B wà fún kọ̀ǹpútà mi, mo sì sọ fún módẹ́ẹ̀mù pé àwọn tí mo kọ nìkan ni kó gbà wọlé. Bí mo ṣe tẹ Enregistrer báyìí, ó lé èmi fúnra mi jáde. Abẹ́rẹ́ ni mo fi tẹ ihò kékeré ẹ̀yìn módẹ́ẹ̀mù títí iná rẹ̀ fi kú, ni mo bá tún gbogbo ètò rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọkàn tán ìlànà yìí pátápátá. Àdírẹ́sì MAC ń lọ nínú afẹ́fẹ́ láìbò, kódà nígbà tí kóòdù wà lórí wifi. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè rí ti yín, kó gbé e wọ ẹ̀rọ tirẹ̀. Kóòdù gan-an ni ilẹ̀kùn: ẹ yan ìlànà ààbò WPA2, tàbí WPA3 bí módẹ́ẹ̀mù yín bá ní in, kí kóòdù náà gùn, kó má jẹ́ orúkọ ọmọ tàbí nọ́ńbà fóònù. Ẹ pa WPS, ọ̀nà tí ẹ̀rọ lè gbà wọ wifi láìtẹ kóòdù rẹ̀. Ẹ tún pààrọ̀ kóòdù tí wọ́n fi ń wọ ojú ìwé módẹ́ẹ̀mù fúnra rẹ̀ (192.168.1.1 tàbí 192.168.8.1 lẹ máa tẹ̀ lórí bíráwúsà láti dé ojú ìwé yẹn lọ́pọ̀ ìgbà), torí admin ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi sílẹ̀ bíi kóòdù níbẹ̀.

Lálẹ́ òní, kí gbogbo ará ilé wà níbẹ̀, ẹ máa pa wifi àwọn ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wo èyí tó ń kúrò lójú ìwé. Ẹ má gbàgbé tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ẹ ti pa gbogbo rẹ̀ tán, ẹ pààrọ̀ kóòdù wifi lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé sí mi. Ẹ má kọ nọ́ńbà náà síta. Àmì kejì rẹ̀ nìkan ni kí ẹ sọ fún mi.