Àmì aláwọ̀ ewé inú fọ́tò oòrùn rẹ kì í ṣe pílánẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá. Lásìkò August break, òrùka ńlá kan yí oòrùn ká lọ́sàn-án gangan ní Èbúté-Mẹ́ta, mo sì fi fóònù yà á. Nígbà tí mo wo fọ́tò náà, àmì roboto aláwọ̀ ewé kan wà nínú rẹ̀ tí n kò fojú rí lókè. Wọ́n ní pílánẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ wá kọlu ayé ni, pé kámẹ́rà nìkan ló lè rí i. Kámẹ́rà wo ni kí n rà tí yóò gbé e jáde dáadáa?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, fowó rẹ pamọ́. Láti Ìdúmọ̀tà dé Súrùlérè ni wọ́n ti ń fi irú fọ́tò yìí ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀rù á sì ti ba ẹni tó fi í ránṣẹ́. Inú ń bí mi gan-an sí àwọn tó ń pín vóìsì nóòtì kiri láti fi já ọmọ ọlọ́mọ láyà.

Òrùka yẹn, òótọ́ ni. Àwọsánmà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó ń jẹ́ cirrostratus, ó ga ju kìlómítà 6 lọ. Yìnyín wínníwínní ló kún inú rẹ̀, onígun mẹ́fà bíi pẹ́ńsù. Bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá gba inú yìnyín náà kọjá, ó máa ń tẹ̀ ní nǹkan bíi digíríì 22, òun ló di òrùka. Kò sí ìjà ńbẹ̀.

Àmì aláwọ̀ ewé ni ká sọ̀rọ̀ lé lórí. Òótọ́ ni pé kámẹ́rà nìkan ló rí i, torí inú kámẹ́rà ni wọ́n ti bí i. Lẹ́ńsì fóònù kì í ṣe ẹyọ kan, bíi márùn-ún sí méje ni wọ́n máa ń tò léra wọn. Wọ́n fi nǹkan kan ra ojú wọn kí ìmọ́lẹ̀ má baà ta padà, ṣùgbọ́n agbára oòrùn ju ìyẹn lọ. Èyí tó ṣẹ́ kù á máa ta láti ojú lẹ́ńsì kan sí òmíràn, ibi tó bá balẹ̀ sí lo rí yẹn. Ara ohun tí wọ́n fi rà á ni àwọ̀ ewé náà ti wá. Flare làwa onífọ́tò ń pè é.

Tún fọ́tò rẹ ṣí. Oòrùn wà lókè lápá òsì, àmì wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, àárín fọ́tò sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn. Lọ́jọ́ mìíràn, yí fóònù sápá ọ̀tún díẹ̀: oòrùn á sún sí òsì lójú fóònù, àmì á sún sí ọ̀tún. Ohun tó wà lójú ọ̀run kò lè máa rìn nítorí pé ọwọ́ rẹ rìn! Lẹ́yìn náà, dúró síbi tí etí òrùlé tàbí táńkì omi ti bo oòrùn mọ́ ọ lójú. Àmì á pòórá, òrùka á dúró. Ẹjọ́ parí.

Bí wọ́n ṣe ń ya òrùka náà kó dára gan-an nìyẹn: fi nǹkan bo oòrùn. Fi aṣọ mímọ́ nu lẹ́ńsì, torí òróró ọwọ́ máa ń sọ fọ́tò di bàìbàì. Tẹ ojú ọ̀run lórí fóònù, kó o fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ títí òrùka á fi yọ. Fóònù ọwọ́ rẹ tó o.

Má tẹjú mọ́ oòrùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ September, kété kí aago kan ọ̀sán tó lù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àárín orí wa gangan ní Èkó, gbogbo ènìyàn á sì gbójú sókè. Gíláàsì dúdú lásán kò tó, fíìmù X-ray kò tó, má sì fi ojú sí ihò tí wọ́n ń gbà wòran lẹ́yìn kámẹ́rà ńlá láti wo oòrùn láé. Onífọ́tò ni mí, n kì í ṣe dókítà ojú, ṣùgbọ́n èyí dá mi lójú: oòrùn lè jó ẹ̀yìn ẹyinjú láìdunni rárá. Bí o bá ti wò ó, tí àmì dúdú kan kò kúrò láàárín ojú rẹ, ilé ìwòsàn ojú ni kó o gbà lọ lọ́jọ́ náà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán omi ṣúgà tàbí omi ọyàn sí i.