Kí Etí Má Baà Máa Hó Lẹ́yìn Felabration

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ lọ sí Felabration, àjọ̀dún orin tí wọ́n fi ń rántí Fela Kuti ní oṣù kẹwàá, ní New Afrika Shrine, Ìkẹjà. Ọjọ́ méjì ni etí mi fi máa ń hó lẹ́yìn irú òde bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n fi òwú dí i ni? (Òǹkàwé kan, Súrùlérè)

Ìdáhùn: Òwú kò ràn án, ariwo ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ ra fóòmù tí wọ́n fi ń dí etí. Ẹ fi ọwọ́ tó mọ́ yí i títí yóò fi tín-ín-rín, ẹ na ọwọ́ kejì gba ẹ̀yìn orí, ẹ fa etí sókè, ẹ tì í wọlé, kí ẹ sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kó fi wú. Ẹni tó bá tètè jọ̀wọ́ rẹ̀, yíyọ ló máa yọ. Bí ariwo bá dé 100 dẹ̀síbẹ́lì (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ariwo), ìṣẹ́jú 15 péré ti tó láti pa etí lára.

Ẹ má dúró níwájú sípíkà rárá. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń to ohùn orin ló dára jù: ibẹ̀ ni fèrè, gìtá àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti ń dọ́gba, orin Fela sì dùn lọ́tọ̀ níbẹ̀!

Àmọ́ híhó ọlọ́jọ́ méjì yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà etí yẹ̀ ẹ́ wò kí oṣù kẹwàá tó dé.